Ilẹ̀ dúdú nínú AutoCAD: ṣé kí a fi í sílẹ̀ ni, àbí kí a sọ ọ́ di funfun?

Ayàwòrán Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ àwòrán ilé, mo kí yín o. Iṣẹ́ yíya plan ilé ni mo ń ṣe, AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, ni mo sì ń lò. Bí ẹ ti mọ̀, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ibi tí a ti ń yàwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní Model, máa ń ní ilẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ sí Layout, níbi tí a ti ń to àwòrán sórí bébà, funfun báláú ni a ó bá níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ dúdú yìí, nítorí pé bí ọ̀gá tó kọ́ mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, n kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà di ìbéèrè nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ṣiṣẹ́, tó sì sọ ilẹ̀ tirẹ̀ di funfun lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó. Ó ní bébà funfun ni oníbàárà yóò gbà lọ́wọ́ wa, nítorí náà kò yé òun ìdí tí a ó fi máa yàwòrán sórí ohun tó dúdú. Ọ̀gá wa kọ̀ jálẹ̀, ó ní funfun máa ń ta ojú, àti pé kò sí ẹni tí yóò wá kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i. Fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan ń rí kedere, ẹnì kejì kò rí i dáadáa: ìlà ìyeyè tí ọ̀gá wa fi ya fèrèsé ń tàn yòò lórí ilẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ funfun ti ọmọ yìí, àfi kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì kí ó tó rí i.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Èwo nínú méjèèjì ni ó dára jù fún ojú ẹni tí ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Ṣé àwọ̀ ilẹ̀ tí a ń lò lè yí ohun tí yóò jáde lórí bébà padà? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ilẹ̀ dúdú kì í jẹ bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó bí funfun ṣe ń jẹ ẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni fún àwa tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró fún. N kò ní kí ẹ dá ẹjọ́ láàárín ọ̀gá wa àti ọmọ yìí. Ìlànà tí gbogbo wa lè jùmọ̀ tẹ̀ lé nínú ọ́fíìsì kan ni mo ń wá, kí fáìlì kan má bàa máa dà bíi fáìlì méjì.


Olùkọ́ Àwòrán:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lójú tèmi, ọ̀gá yín àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ jà lórí ohun kan náà. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ ohun tí ojú ń rí lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ ń sọ̀rọ̀ ohun tí ọwọ́ yóò gbà lórí bébà, AutoCAD sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà ṣiṣẹ́, àwọ̀ tí ìlà ní lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àwọ̀ tí yóò ní lórí bébà. Àmì ni, tí ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ìlà náà yóò ṣe nípọn tó. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .ctb ni ó ń ka àmì yìí fún ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá yan monochrome.ctb nígbà tí ẹ fẹ́ tẹ àwòrán, gbogbo àwọ̀ 255 tó wà nínú àtòjọ AutoCAD ni yóò jáde ní dúdú, ìbáà jẹ́ ìyeyè, ìbáà jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí ó bá jẹ́ acad.ctb ni ẹ yàn, ìyeyè yóò jáde ní ìyeyè, oníbàárà yóò sì máa wá fèrèsé ilé rẹ̀ kiri lórí bébà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ayàwòrán fi fẹ́ràn ilẹ̀ dúdú. Àwọ̀ méje tó ṣáájú nínú àtòjọ náà ni pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, búlúù gan-an, màjẹ́ńtà, àti funfun tí í ṣe ìkeje. Nínú wọn, ìyeyè, àwọ̀ ewé àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ojú máa ń wá tì lórí funfun, nígbà tí ó jẹ́ pé lórí dúdú, búlúù gan-an, ìyẹn nọ́ńbà 5, nìkan ni ó máa ń fara pamọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń lo ilẹ̀ dúdú lè mọ ògiri yàtọ̀ sí fèrèsé, kí ó mọ ìlà ìwọ̀n yàtọ̀ sí àga àti bẹ́ẹ̀dì, láìfa ojú ro. Àwọ̀ 7 ní ìwà tirẹ̀: lórí ilẹ̀ dúdú a máa funfun, lórí ilẹ̀ funfun a máa dúdú, a sì máa jáde ní dúdú lórí bébà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àwọ̀ 7 ya ògiri, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ìjà yín.

Àṣà yìí pẹ́ ju AutoCAD lọ. Nígbà tí Ivan Sutherland ṣe Sketchpad, ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TX-2, ojú ẹ̀rọ ìgbà náà kì í tàn látòkè délẹ̀ bí ti òde òní. Ibi tí ìtànṣán bá bà nìkan ni ó ń tàn, ìyẹn ni pé ìlà ni ìmọ́lẹ̀, ohun gbogbo tó kù sì wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí AutoCAD fi máa jáde lọ́dún 1982, ojú àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ti mọ́ ọn lára. Kódà kí kọ̀ǹpútà tó dé, John Herschel ti ṣàwárí lọ́dún 1842 ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà àwòrán lórí bébà tí oòrùn ń sọ di búlúù, láti inú rẹ̀ sì ni blueprint ti jáde, ìlà funfun lórí ilẹ̀ búlúù tó ṣú, tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sílẹ̀ ní sáìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní àwòrán ilé kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ tó ṣókùnkùn kò tíì ka ìtàn iṣẹ́ yìí jìnnà.

Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ kọ OP síbi tí a ń kọ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ Enter. Nígbà tí Options bá ṣí, ẹ lọ sí abala Display, kí ẹ tẹ Colors. Ẹ mú 2D model space, lẹ́yìn náà Uniform background, kí ẹ yan àwọ̀ tó wù yín, kí ẹ sì tẹ Apply & Close. Èyí tí AutoCAD òde òní ń gbé wá fúnra rẹ̀ kì í ṣe dúdú kirikiri. Búlúù tó dà pọ̀ mọ́ eérú tó sì ṣókùnkùn ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni 33, 40, 48, kí ẹ lè rí i dá padà bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má ṣe gbé e pọ̀ mọ́ Color theme tó wà lójú abala kan náà o. Ìyẹn kan àwọn bọ́tìnnì àti pátákó irinṣẹ́ tó yí ojú iṣẹ́ ká nìkan, kò fọwọ́ kan ilẹ̀ tí ẹ ń yàwòrán sí.


Ìyá Atẹ̀wé:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, nítorí ọ̀dọ̀ àwa tí a ń tẹ̀wé ni gbogbo ẹjọ́ yìí ń parí sí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, àwòrán A1 àti A0 sì ni àwọn ayàwòrán ilé ń gbé wá jù. Ohun tí Olùkọ́ sọ nípa àwọ̀ 7 dára, ṣùgbọ́n funfun méjì ni ó wà nínú AutoCAD, èkejì ni ó sì ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Bí ẹnì kan bá lọ sí abala True Color, níbi tí a ti ń fi nọ́ńbà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù po àwọ̀, tó mú 255, 255, 255, funfun tó yàn yẹn kò mọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ bébà. Lórí ilẹ̀ dúdú yóò tàn gẹ́lẹ́ bíi ti àwọ̀ 7, ẹni tó yà á kò sì ní fura. Orí bébà ni yóò ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni monochrome.ctb kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí àwọ̀ inú àtòjọ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sọ di dúdú. Ohunkóhun tí a bá fi True Color yà, bí ó ṣe rí gan-an ni yóò ṣe jáde.

Ọkùnrin kan gbé plan ilé alájà kan wá tẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ògiri jáde, àtẹ̀gùn jáde, orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan jáde, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn ẹyọ kan nínú gbogbo ilé náà. Àlàfo lásán ni ó wà lára ògiri níbi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà. Ó ní yíǹkì ẹ̀rọ wa ni kò dára. A pè é wá síwájú kọ̀ǹpútà, a fi máósì tẹ ilẹ̀kùn kan, a ṣí Properties, a sì bá 255,255,255 níwájú Color. Àwòrán ilẹ̀kùn tí ó rí gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ yà á ti ṣe é. A ṣí block náà, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo tí gbogbo ilẹ̀kùn náà jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, a sọ àwọ̀ inú rẹ̀ di ByLayer, kí ó máa gba àwọ̀ layer (ìpele tí a pín àwòrán sí) tó wà lórí rẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ilé sì padà sí àyè wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ funfun ni ọkùnrin yìí ń lò, ojú rẹ̀ ni ìbá ti kọ́kọ́ rí i pé ilé òun kò ní ilẹ̀kùn, kò sì ní sanwó bébà A1 kí ó tó mọ̀. Níbi tí mo ti gba ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìyẹn.

Àwọn tó ń lo ilẹ̀ funfun náà ní ti wọn o. Wọ́n á fi hatch funfun, ìyẹn àwọ̀ tí a fi ń kún ojú ibì kan, bo ohun tí wọn kò fẹ́ kí ó hàn, kò ní sí ohun tó jọ pé wọ́n bo nǹkan lójú kọ̀ǹpútà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí fáìlì náà lórí ilẹ̀ dúdú yóò rí àbùlẹ̀ funfun gbàràmù-gbaramu káàkiri àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ bo nǹkan, àṣẹ WIPEOUT ni kí ẹ lò, nítorí àwọ̀ ilẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ ni òun máa ń gbé wọ̀.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ máa fi PDF kún DWG, ìyẹn fáìlì àwòrán AutoCAD fúnra rẹ̀, tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Fáìlì .ctb tí Olùkọ́ ń sọ kò sí nínú DWG. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni DWG ń gbé dání, fáìlì gan-an sì wà nílé yín. Bí ẹ bá ti ṣe ti yín lákànṣe tí ẹ kò bá fi ránṣẹ́, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa ni a ó lò, bí ìlà yín bá sì nípọn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ má bínú sí wa. Àṣẹ ETRANSMIT wà tí ń kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń lò ó nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi.


Olùṣàyẹ̀wò Ojú:

Èmi kì í ṣe ayàwòrán, ojú ni mo ń yẹ̀ wò, àwọn ayàwòrán sì ń wá bá mi. Ohun tí ọ̀gá yín sọ pé funfun ń ta ojú kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọmọlójú máa ń fẹ̀ bí ohun tí a ń wò bá ṣókùnkùn, ó sì máa ń sún kì bí ó bá mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ̀, àbùkù yòówù tó wà nínú ojú náà yóò túbọ̀ hàn, pàápàá èyí tí a ń pè ní astigmatism, nínú èyí tí iwájú ẹyinjú kò tẹ̀ kọrọdọ dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ dúdú kì í dúró sójú kan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa ràn jáde sí ẹ̀gbẹ́, ìlà méjì tó súnmọ́ ara wọn á sì fẹ́ di ẹyọ kan. Lórí ilẹ̀ funfun, nítorí pé ọmọlójú rẹ̀ ti kéré, ìlà dúdú kan náà yóò mọ́ gaara. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé òun kò lè fara da ilẹ̀ dúdú, kí a tó pè é ní alágídí, ẹ jẹ́ kí ó lọ yẹ ojú wò.

Ìwádìí lórí ìwé kíkà ti fi hàn léraléra pé ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà yá jù, tí wọ́n sì ń tètè rí àṣìṣe inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà kọ́ ni ìlà yíyà, n kò sì fẹ́ fi tọ̀hún dá ẹjọ́ tìhín. Ibi tí mo ti lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé bí ẹ bá ń ka ìwọ̀n àti àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ inú àwòrán, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí iṣẹ́ tó jáde, ẹ kà á lórí funfun.

Ìmọ́lẹ̀ yàrá ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn yín ní ọ̀sán gangan, ilẹ̀ dúdú yóò máa dá ojú yín, ẹ̀wù yín àti fèrèsé náà padà sí yín lára gíláàsì, ojú yóò sì máa tiraka láti wo ìlà la àárín òjìji wọ̀nyí já. Ilẹ̀ funfun a máa borí òjìji bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́, tí yàrá bá ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ yí padà: funfun á pọ̀ jù, dúdú á sì tu ojú lára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé funfun ń ta ojú òun ni ó jẹ́ pé wọ́n ti gbé ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà dé òkè téńté láìsí ìdí. Ẹ gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí gíláàsì bá mọ́lẹ̀ ju bébà lọ fíìfíì, ẹ dín in kù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀.

Ohun mìíràn tó ń rẹ ojú ni lílọ-bíbọ̀ láàárín òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀. Bí Model bá dúdú, tí Layout funfun, tí PDF oníbàárà tún ṣí sílẹ̀ ní funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ojú ni ọmọlójú ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ má sì gbàgbé láti máa ṣẹ́ ojú, nítorí ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́ ojú tó bó ṣe yẹ, fáànù tó dojú kọ yín yóò sì tètè gbẹ omi ojú náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, nǹkan bíi mítà 6, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Àwọ̀ ilẹ̀ yòówù kí ẹ lò, ẹ kò lè fi rọ́pò ìyẹn.


Awọnlẹ̀ Ẹ̀gbá:

Mo ka ọ̀rọ̀ monochrome.ctb yìí, mo sì rí i pé ó yẹ kí n sọ ti àwa awọnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìlànà àwòrán ilé tẹ survey plan. Gbogbo ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Nàìjíríà mọ̀ pé ìlà pupa ni a fi ń yí ilẹ̀ oníbàárà ká lórí survey plan, àkọsílẹ̀ àti ìwé agbẹjọ́rò a sì máa tọ́ka sí i pé ilẹ̀ tí a fi pupa yí ká ni a ń sọ. Bí ẹ bá fi monochrome.ctb tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pupa yóò di dúdú bíi ti ọ̀nà àti ti ààlà aládùúgbò, ìwé yóò sì máa tọ́ka sí ohun tí kò sí lójú àwòrán. Lójú kọ̀ǹpútà, lórí ilẹ̀ dúdú tàbí funfun, pupa náà wà níbẹ̀ pẹrẹpẹrẹ, nítorí náà ojú kò lè kìlọ̀ fún yín.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbé e gbà. Èkíní ni pé kí a ṣe ẹ̀dà monochrome.ctb, kí a fún un ní orúkọ mìíràn, kí a ṣí i, kí a sì yí àwọ̀ 1 nìkan padà kí ó máa jáde ní pupa. Èkejì ni pé kí a fún ìlà ààlà náà ní True Color 255, 0, 0, nítorí pé, bí Ìyá Atẹ̀wé ti sọ, monochrome.ctb kì í fọwọ́ kan True Color. Èkejì yìí yá, ṣùgbọ́n èkíní ni mo fara mọ́, torí pé ẹni tó bá gba fáìlì lọ́wọ́ mi lọ́la kò ní máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ìlà kan ṣoṣo kò gbọ́ràn sí .ctb lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé survey plan tí wọ́n ti skan sínú AutoCAD láti ya ilé lé e lórí, ẹ óò ti rí i pé ó máa ń jókòó bí odindi bébà funfun láàárín ilẹ̀ dúdú, tí ìlà ìyeyè yín yóò sì sọnù sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ PDF ni, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá Adjust colors for background nínú Properties rẹ̀, kí ẹ fi í sí Yes. Bí ó bá jẹ́ JPG, kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àṣẹ IMAGEADJUST ni kí ẹ fi gbé Fade rẹ̀ sókè, yóò sì máa wọ inú àwọ̀ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi rọ ojú yín lọ́rùn.


Ayàwòrán Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ kò ní ṣìṣẹ́ o. Mo ti yẹ àwọn block ilẹ̀kùn àti fèrèsé wa wò nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Atẹ̀wé, mo sì rí True Color funfun nínú díẹ̀ lára àwọn èyí tí a gbà láti ìta. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi lóhùn sí. Ọ̀gá wa sì ti ní òun lè fara mọ́ àwọ̀ eérú láàárín méjèèjì, bí ẹ bá sọ pé ó dára.


Alátùnṣe Kọ̀ǹpútà:

Ti bátìrì kò gùn. Ó dá lórí irú gíláàsì tí kọ̀ǹpútà yín ní. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni LCD, iná kan sì wà lẹ́yìn gíláàsì LCD tí ń tàn ní gbogbo ìgbà. Bí àwòrán bá dúdú, gíláàsì kàn ń dí iná náà mọ́lẹ̀ ni, iná kò kú, bátìrì sì ń jẹ lọ bó ṣe ń jẹ. OLED nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn bá mu, nítorí pé nínú tirẹ̀, àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán ni ó ń tan iná ara rẹ̀, èyí tó bá dúdú pátápátá sì ti kú nìyẹn. Ẹni tó ń lo LCD tó sì fẹ́ kí bátìrì pẹ́, kí ó dín ìmọ́lẹ̀ gíláàsì kù, kí ó sì pa ohun tí kò lò.


Olùkọ́ Àwòrán:

N kò gba yín níyànjú láti lo àwọ̀ eérú fún ẹnikẹ́ni tó ń fi àwọ̀ ya ìlà sọ́tọ̀ síra. Lórí rẹ̀, ìyeyè kò tàn tó bí ó ṣe ń tàn lórí dúdú, pupa kò sì mọ́ gaara bí ó ṣe rí lórí funfun, àwọn àwọ̀ 8, 9 àti 250 dé 255 tí a fi ń ya àga, igi àti ohun tí a kò fẹ́ kí ó gba ojú náà yóò sì wọ inú ilẹ̀ lọ. Ó wúlò fún àwọn tó ń ṣe ìwé ìpolówó aláwọ̀ mèremère, nítorí pé àwọ̀ kan náà máa ń dà bí ẹni pé ó mọ́lẹ̀ sí i bí ó bá wà lórí dúdú, tí yóò sì ṣókùnkùn sí i lórí funfun, gẹ́gẹ́ bí Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń ṣe kòkáárí ìpaláró ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1839. Ilẹ̀ eérú kò fi síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwa kò ta àwọ̀, ìlà ni a ń tà.

Ní ti ìlànà ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí kálukú lo ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ gbà, nítorí inú kọ̀ǹpútà ẹni ni àwọ̀ ilẹ̀ ń gbé, kì í bá DWG rìn. Àwọ̀ àwọn layer ni kí ẹ jókòó lé lórí, kí ẹ yan èyí tí ó hàn lórí ilẹ̀ méjèèjì. Pupa, màjẹ́ńtà àti 7 kò ní wàhálà. Ẹ fi 30, tí ó jọ àwọ̀ ọsàn, rọ́pò ìyeyè. Ẹ fi 150 rọ́pò búlúù nọ́ńbà 5 àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ sì fi 92, tí ó ṣú díẹ̀ ju 3 lọ, rọ́pò àwọ̀ ewé. Ẹ wá ṣí .ctb yín, kí ẹ gbé nínípọn tí àwọn àwọ̀ àtijọ́ ní fún àwọn tuntun wọ̀nyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fèrèsé yóò jáde pẹ̀lú ìlà tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, fáìlì àwòṣe tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ni kí ẹ sì ti ṣe é, ẹ má lọ tú àwọn iṣẹ́ tó ti jáde sílẹ̀.

Ọ̀gá yín lè máa bá dúdú rẹ̀ lọ bí ó bá gbà láti ṣe ohun kan kí àwòrán tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Layout, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ orúkọ Layout náà, ẹ ṣí Page Setup Manager, ẹ tẹ Modify, ẹ yan .ctb tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máàkì Display plot styles tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, Layout yẹn yóò máa fi àwòrán hàn bí bébà yóò ṣe gbé e jáde, pẹ̀lú pupa awọnlẹ̀ bí ó bá wà, àti láìsí ilẹ̀kùn bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ 255, 255, 255.